Pòmáàdì Ata Ẹfúnwùmí

Ẹ̀gbẹ́ òsì nìkan ni ìléròrò náà yọ sí, èyí ló sì kọ́kọ́ ya Ẹfúnwùmí lẹ́nu. Ó na ọwọ́ sẹ́yìn, ó fi ìka tọ ipasẹ̀ wọn láti ẹ̀gbẹ́ ọ̀pá ẹ̀yìn wá sí abẹ́ ọmú, ó rí i pé wọ́n tò tẹ̀lé ara wọn bí ẹni tó ń lọ sóko, wọ́n sì dúró ní àárín àyà gan-an. Ẹyọ kan kò ré kọjá. Ara apá ọ̀tún ń dán bí ti tẹ́lẹ̀.

"Victorine, wá bá mi wò ó," ó ní. "Ta ló pààlà fún wọn?"

Victorine ni ìyàwó Rogatien, ọmọ Ẹfúnwùmí ọkùnrin tó ń kọ́ àwọn ọmọ iléèwé ní Pobè. Ọmọ ìjọ Àgùdà ni Victorine. Ó wo ẹ̀gbẹ́ ìyá ọkọ rẹ̀, ó ṣe àmì àgbélébùú, nítorí gbogbo ará abúlé wọn, Kpoulou, ló mọ ohun tí wọ́n ń sọ nípa irú nǹkan bẹ́ẹ̀: bí ó bá yí ènìyàn po bí ejò tí orí rẹ̀ kan ìrù rẹ̀, ó ti parí.

"Ẹ jẹ́ kí a bò ó, Ìyá."

"N kò ní kí o bò ó. Mo ní kí o wò ó bóyá ó ń rìn."

Bí Ẹfúnwùmí ṣe rí nìyẹn. Opó ni, epo ló ń fún, epo rẹ̀ sì dára débi pé àwọn oníbàárà máa ń dúró dè é lọ́jà Adja-Ouèrè kí wọ́n tó ra ti ẹlòmíràn. Ṣùgbọ́n ìbéèrè ni wọ́n fi mọ̀ ọ́n jù. Ní ọdún tí Dahomey gba òmìnira, tí katakátá ìjọba wá ha ojú ọ̀nà, àwọn obìnrin yòókù sá wọlé. Òun bu omi tútù lọ bá awakọ̀, ó sì bi í léèrè ohun tí ẹ̀rọ náà ń jẹ. Ó ti bi Fadá léèrè rí bóyá àwọn áńgẹ́lì máa ń sùn. Bẹ́ẹ̀, òun fúnra rẹ̀ kì í ṣe onígbàgbọ́.

Ẹ̀gbọ́n rẹ̀, Ṣàngóbíyì, tó ń bọ òrìṣà ilé bàbá wọn, ló ṣe ohun tó yẹ kí á ṣe. Ó da omi tútù sílẹ̀, ó ní kí ẹnikẹ́ni má gbálẹ̀ lọ́sàn-án, kí wọ́n má sì pe orúkọ ohun tó wá kí wọn. Àwọn ìléròrò náà kò yí i po. Wọ́n gbẹ, wọ́n di èèpá, èèpá sì bẹ̀rẹ̀ sí í ṣí kúrò ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Gbogbo ènìyàn ní ó ti bọ́ nínú ewu.

Ṣùgbọ́n ìrora náà kò lọ.

Ó ń jó bí ẹni tí ewé èsìsì fara kàn. Nígbà mìíràn, nígbà tí kò sí ẹni tó fọwọ́ kàn án, nǹkan kan á ta á ní ẹ̀gbẹ́ bí abẹ́rẹ́ gbígbóná, á sì jẹ́ kí ó ju ohun tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ sílẹ̀. Kò lè ró ìró mọ́ àyà mọ́. Inú ẹbu, níbi tí wọ́n ti ń tẹ èyìn tí wọ́n sì ń fún epo, kò ṣeé wọ̀ fún un, torí kò sí bí ènìyàn ṣe lè bẹ̀rẹ̀ kí aṣọ má kàn án lára. Victorine ló ń ṣe iṣẹ́ náà, epo sì ń korò díẹ̀.

Ohun tó tún ń rú Ẹfúnwùmí lójú ni pé bí ó bá fi àtẹ́lẹwọ́ tẹ ibẹ̀ mọ́lẹ̀ dáadáa, ìrora náà á rọlẹ̀. Ṣùgbọ́n bí ìyẹ́ adìyẹ bá bà á, á fẹ́rẹ̀ẹ́ ké. Ó dán an wò léraléra. Ó mú ìyẹ́ adìyẹ kan, ó ń fi í fa ara rẹ̀ láti apá ọ̀tún wá sí apá òsì, títí yóò fi mọ ibi tí iná ti bẹ̀rẹ̀.

Ṣàngóbíyì bá a níbi tó ti ń ṣe èyí ní àárọ̀ ọjọ́ kan. Ó jókòó tì í.

"Olóde, àlejò wa yẹn, ti lọ," ó ní. "Mo mọ ìgbà tó wọlé, mo mọ ìgbà tó jáde. Èyí tó kù lára rẹ yìí, kì í ṣe tirẹ̀ mọ́. Lọ bá dókítà ní Adja-Ouèrè."

"Ẹ̀yin ni ẹ ń rán mi lọ sí ilé ìwòsàn, Ẹ̀gbọ́n?"

"Èmi ni. Ohun tí mo mọ̀ ni mo ń ṣe. Èyí tí n kò mọ̀, mo fi í sílẹ̀ fún ẹni tó mọ̀ ọ́n."

Bí ọjọ́ ọjà ti pé, òun àti Victorine gba ọ̀nà Adja-Ouèrè lọ. Ọkùnrin tí wọ́n ń pè ní dókítà níbẹ̀ kì í ṣe dókítà gan-an. Olùtọ́jú aláìsàn ni, Félicien lorúkọ rẹ̀, ọmọ Oko-Akarè, tó kọ́ iṣẹ́ ní Porto-Novo lọ́dọ̀ dókítà àgbàlagbà kan. Ẹgbẹ́ Rogatien ni. Ó tọrọ àyè lọ́wọ́ Ẹfúnwùmí kí ó tó ṣí aṣọ rẹ̀. Ó wo àwọn àpá náà, lẹ́yìn náà ó já òwú díẹ̀, ó fi kàn án lára fẹ́rẹ́fẹ́rẹ́. Ẹfúnwùmí fà sẹ́yìn. Félicien wá fi ọwọ́ tẹ ibẹ̀ mọ́lẹ̀, obìnrin náà kò sì mira.

"Òwú lo fi ń ṣe tìrẹ," ni Ẹfúnwùmí wí. Inú rẹ̀ dùn. "Ìyẹ́ adìyẹ lèmi fi ń ṣe é."

Félicien gbójú sókè. "Ẹ ti dán an wò?"

"Lójoojúmọ́. Ṣé o mọ ìdí tí kò fi ré kọjá àárín?"

Félicien ní òun mọ̀ ọ́n. Ó fi ìka rẹ̀ hàn án lára Victorine, láìfọwọ́ kàn án, bí àwọn iṣan tín-ín-rín ṣe ti inú ọ̀pá ẹ̀yìn jáde, bí ọ̀kọ̀ọ̀kan ṣe yí ẹ̀gbẹ́ wá sí iwájú, tí ti òsì sì ń dúró sí òsì. Inú ọ̀kan nínú àwọn iṣan wọ̀nyí ni àìsàn náà gbà. Zóná ni àwọn Faransé ń pè é. Bí awọ ara tilẹ̀ ti san, iṣan náà ti fara pa.

"Iṣẹ́ iṣan yẹn ni kó máa kígbe bí nǹkan bá ṣe ara," ó ní. "Àmọ́ ó ti dà bí ajá tí olè wọlé rẹ̀. Olè ti lọ, ajá ṣì ń gbó. Ewé jábọ́, á gbó. Afẹ́fẹ́ fẹ́, á gbó."

Ẹfúnwùmí ronú sí i. "Báwo lẹ ṣe ń pa ajá náà lẹ́nu mọ́?"

"Oògùn kan wà tí a lè fi gbìyànjú. Orúnkún àti ẹ̀yìn ríro ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ń fi í wò. Ọ̀gá mi máa ń fún àwọn tó ní irú tiyín, ó ran àwọn kan lọ́wọ́, kò ran àwọn mìíràn lọ́wọ́. N kò lè ṣèlérí. Ṣùgbọ́n n kò ní fún yín lónìí." Ó tọ́ka sí èèpá kékeré kan tó ṣì wà lẹ́bàá ẹ̀yìn rẹ̀. "Ojú egbò kò gbọdọ̀ rí oògùn yìí. Ẹ jẹ́ kí èyí bọ́ fúnra rẹ̀, kí abẹ́ rẹ̀ gbẹ, kí ẹ tó padà wá. Ẹ má ha á."

Victorine rò pé ìyá ọkọ òun yóò bínú. Kò bínú. Lọ́nà ilé, ohun tó ń sọ ni pé òun kò mọ̀ rárá pé okùn wà nínú ènìyàn.

Nígbà tí èèpá náà bọ́, wọ́n padà lọ. Félicien mú ọ̀pá rírọ̀ kan jáde, irú èyí tí ọṣẹ ìfọyín máa ń wà nínú rẹ̀, ó sì tẹ ìdí rẹ̀. Pòmáàdì pupa rẹ́súrẹ́sú tó ń yọ̀ ló jáde, kò ju hóró ẹ̀wà kan lọ.

"Kí ni wọ́n fi ṣe é?" ni Ẹfúnwùmí béèrè.

"Ata."

Victorine rò pé òun kò gbọ́ dáadáa. "Ata, Dókítà? Fún ara tó ń jó?"

"Ata ni. Yóò kọ́kọ́ jó jù báyìí lọ, mo ń sọ ọ́ fún yín kí ẹ má baà rò pé mo tàn yín. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá ń fi í pa á lójoojúmọ́ láìsinmi, ó máa ń rẹ iṣan náà. Á gbó, á gbó, á dákẹ́. Ẹni tó bá pa á lónìí tó fi í sílẹ̀ lọ́la, iná rẹ̀ nìkan ló máa jẹ, kò ní rí ìtura rẹ̀."

Ó wá sọ bí wọn yóò ṣe máa lò ó, ó sì ní kí Ẹfúnwùmí sọ ọ́ padà fún òun. Níbi kékeré kan ni kí wọ́n kọ́kọ́ fi sí ná, kí wọ́n wò ó di ọjọ́ kejì. Bí ara kò bá wú, kí wọ́n máa pa á ní àárọ̀, ní ọ̀sán, ní alẹ́, kí ó fẹ́lẹ́, kí wọ́n rà á títí yóò fi wọra. Kí ó má wẹ omi gbígbóná ṣáájú rẹ̀ tàbí lẹ́yìn rẹ̀, kí ó má di aṣọ mọ́ ọn, kí ó má jókòó ti iná. Kí ó má dé ojú, ẹnu tàbí imú. Kí ọmọdé má fọwọ́ kàn án.

"Àti ọwọ́ yín," ó ní, "omi nìkan kò lè mú un kúrò. Ẹ kọ́kọ́ fi epo díẹ̀ nù ún, kí ẹ tó fi ọṣẹ fọ̀ ọ́."

"Mo mọ ìyẹn," ni Ẹfúnwùmí wí. "Bí ata bá ń ta mí lọ́wọ́ níbi ọlọ, epo ni mo ń fi pa á. N kò mọ ìdí rẹ̀ ni."

"Ata máa ń yọ́ nínú epo. Kì í yọ́ nínú omi. Bí ara bá lé ròrò tàbí tí iná náà kò ṣeé fara dà, ẹ wẹ̀ ẹ́ kúrò, kí ẹ wá rí mi."

Ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́, Victorine fẹ́rẹ̀ẹ́ ju ọ̀pá náà sínú igbó. Bí ó bá ti fi pòmáàdì pa ẹ̀gbẹ́ ìyá ọkọ rẹ̀ tán, obìnrin náà á di ẹsẹ̀ àga mú, omi á máa bọ́ lójú rẹ̀. Victorine á ní kí àwọn wẹ̀ ẹ́ kúrò. Ẹfúnwùmí á gbọ́wọ́ sókè, á ní kó dúró, òun ń wo ibi tó ń lọ. Nígbà tó ṣe, iná pòmáàdì náà bẹ̀rẹ̀ sí í dínkù. Ó dà bí ẹni pé ara ń mọ̀ ọ́n. Òru kan wá tí Ẹfúnwùmí sùn mọ́jú, òun fúnra rẹ̀ kò tilẹ̀ kíyè sí i, àfìgbà tí Victorine béèrè ìdí tí òun kò fi gbọ́ ariwo rẹ̀.

Ní àràárọ̀ ó ń fi ìyẹ́ adìyẹ wá ààlà iná náà. Ààlà náà ń sún sẹ́yìn bí omi ẹrẹ̀ tó ń gbẹ nígbà ẹ̀ẹ̀rùn. Ó kúrò ní abẹ́ ọmú. Ó kúrò ní ẹ̀gbẹ́ iwájú.

Nígbà náà ni pòmáàdì tán. Òjò ti ba ọ̀nà Porto-Novo jẹ́, ọkọ̀ kò wọlé, Félicien sì ní kí wọ́n ní sùúrù, òun ti ránṣẹ́ sí fámásí. Ẹfúnwùmí padà sílé, ó jókòó sí ìdí ẹbu, ó ń wo igi ata wẹ́wẹ́ tó wà lẹ́yìnkùlé rẹ̀. Ó pupa, ó so jìngbìnnì.

"Ata náà nìyí," ó sọ fún Victorine. "Àdín tí yóò yọ́ nínú rẹ̀ nìyí. Kí ló wà nínú ọ̀pá yẹn tí kò sí níbí?"

"Ìyá, Dókítà ò ní kí ẹ se ata."

"Kò ní kí n má se é. N kò ní fi í sí ẹ̀gbẹ́ mi. Mo kàn fẹ́ mọ̀ ni."

Ó lọ ata gbígbẹ kúnná, ó dà á sínú àdín, ó gbé e kaná. Èéfín rẹ̀ gba gbogbo agbo ilé, adìyẹ pàápàá ń sín. Ẹfúnwùmí sọ̀ ọ́ kalẹ̀, ó jẹ́ kí ó tutù, ó sì bu díẹ̀ sí itan rẹ̀ ọ̀tún, ibi tó fẹ̀ tó àtẹ́lẹwọ́ ọmọdé. Kò ta á púpọ̀ lákọ̀ọ́kọ́. Ó fi ìró bò ó, ó lọ da iná sábẹ́ ìkòkò epo.

Ibẹ̀ ni Ṣàngóbíyì bá wọn. Ó ń wúkọ́ bọ̀ láti ẹnu ọ̀nà.

"Ta lẹ ń lé jáde nínú ilé yìí?" ó béèrè. Ó rí ìkòkò kékeré náà, ó ki ìka bọ̀ ọ́, ó gbé e sí imú láti gbóòórùn rẹ̀. Èéfín ṣì ń pa á lójú, ó sì fi ìka yẹn kan náà nu ojú rẹ̀.

Igbe tí Ṣàngóbíyì ké, Ẹfúnwùmí kò gbọ́ irú rẹ̀ lẹ́nu rẹ̀ rí láti kékeré wọn. Victorine mú un jókòó, ó gbé orí rẹ̀ sẹ́yìn, ó ń da omi mímọ́ sí ojú rẹ̀, ìkòkò omi kan tán, ó gbé òmíràn. Ẹfúnwùmí na ọwọ́ sí kèrègbè àdín, ó rántí pé epo ló ń mú ata kúrò, ṣùgbọ́n Victorine mi orí. "Kì í ṣe ojú, Ìyá. Omi nìkan la ó fi fọ ojú." Inú ìdààmú yìí ni Ẹfúnwùmí wà tí kò fi kíyè sí itan ara rẹ̀ mọ́. Nígbà tó ṣí ìró, ibẹ̀ ti pọ́n, ó ti lé ròrò.

Kò sùn dáadáa lóru yẹn, kì í sì í ṣe nítorí itan. Ó ń ronú pé bí ojú ẹ̀gbọ́n òun bá fọ́, kò sí ìbéèrè kan láyé tó yẹ kí òun tún béèrè mọ́.

Ní òwúrọ̀, àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta gba ọ̀nà Adja-Ouèrè lọ, Ṣàngóbíyì di ejìká Victorine mú. Félicien fọ ojú rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan sí i, ó fi iná kékeré wò ó, ó kán oògùn sí i. Ó ní ojú kò ṣe nǹkan kan, pé omi tí Victorine dà sí i lójú ẹsẹ̀ ló yọ ọ́. Yóò pọ́n fún ọjọ́ díẹ̀. Ẹfúnwùmí gbọ́ èyí, ó sì jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀.

Lẹ́yìn náà ni Félicien tọ́jú itan rẹ̀, ó fi aṣọ mímọ́ bò ó. Kò bá a wí.

"Ata mélòó lẹ fi sí i?" ó béèrè.

"Ẹ̀kúnwọ́. Mo tún bù sí i."

"Ata irú wo?"

"Wẹ́wẹ́. Ti ẹ̀yìnkùlé mi."

"Ó dára. Bí ẹ bá mú ti ẹ̀yìnkùlé ẹlòmíràn ńkọ́, ṣé bó ṣe ń ta náà ló máa ta?"

Ẹfúnwùmí ronú. Ata tí a ká nígbà òjò kì í ta bí èyí tí oòrùn pa. Ti Kpoulou kì í ṣe bíi ti Oko-Akarè. Ọdọọdún ló ń ra ata, ó mọ̀ bẹ́ẹ̀.

"Ohun tó wà nínú ọ̀pá tí kò sí nínú ìkòkò yín nìyẹn," ni Félicien wí. "Àwọn tó ṣe é wọn agbára ata náà kí wọ́n tó fi í sí i. Díẹ̀ gan-an ni. Bó ṣe rí lónìí ló máa rí lọ́la. Ẹ tún bò ó, ẹ jókòó ti iná. Èwo nínú ohun tí mo sọ lẹ gbàgbé?"

"N kò gbàgbé ìkankan. Mo rò pé pòmáàdì nìkan lo ń sọ nípa rẹ̀ ni."

Ṣàngóbíyì rẹ́rìn-ín lábẹ́ aṣọ tútù tí wọ́n fi bò ó lójú. "Bó ṣe wà láti kékeré nìyẹn, Dókítà. Ẹ máa bá a fara dà á."

Ọ̀pá tuntun dé kí oṣù náà tó parí. Ẹfúnwùmí ń lò ó bí wọ́n ṣe sọ fún un, ó ń tọ́jú rẹ̀ sórí àjà kí ọwọ́ ọmọdé má baà tó o. Nígbà tí ẹ̀ẹ̀rùn dé, ó ti padà sínú ẹbu, ó ń tẹ èyìn pẹ̀lú àwọn obìnrin yòókù, àwọn oníbàárà rẹ̀ sì ní epo ti dùn. Ìrora náà kò tán pátápátá. Nígbà ọyẹ́ ó máa ń ta á léraléra lẹ́bàá ẹ̀yìn. Ṣùgbọ́n ó ń ró ìró, ó ń sùn, ó sì ń gbé igbá epo lọ sọ́jà.

Òkìkí oògùn ata kàn. Lọ́jọ́ kan, ọkùnrin kan tó ń jẹ́ Zacharie, ọmọ ìjọ Sẹ̀lẹ́, tó ń dáko ní apá Oko-Akarè, wá bá a nílé. Ó ní ẹsẹ̀ òun ń jó òun lóru bí ẹni tó tẹ ẹ̀yin iná. Ó ní kí ìyá ṣàánú òun, kí ó tẹ díẹ̀ fún òun nínú ọ̀pá náà.

Ẹfúnwùmí ní kó jókòó, kó na ẹsẹ̀. Ó wò ó láti òkè délẹ̀. Lábẹ́ àtẹ́lẹsẹ̀ òsì, egbò kan wà níbẹ̀ tó jìn, ẹ̀gún sì wà nínú rẹ̀. Ó fi ìka tẹ ẹ̀bá rẹ̀.

"Ṣé ó ń dùn ọ́?"

"Kí ni?" ni Zacharie béèrè. Kò mọ̀ pé egbò wà níbẹ̀.

Ẹfúnwùmí dìde, ó so ìró rẹ̀ le. "Tìrẹ kì í ṣe irú tèmi," ó ní. "N kò mọ irú èyí tó jẹ́. Ara rẹ ń jó, síbẹ̀ kò mọ ẹ̀gún. Ká lọ."

Ó bá a dé Adja-Ouèrè. Félicien kò mú pòmáàdì jáde. Ó fi òwú àti orí abẹ́rẹ́ yẹ ẹsẹ̀ náà wò, ó yọ ẹ̀gún, ó fọ egbò. Ó wá béèrè lọ́wọ́ Zacharie bóyá òǹgbẹ máa ń gbẹ ẹ́ púpọ̀, bóyá èèrà máa ń péjọ síbi tó bá tọ̀ sí. Zacharie ní bẹ́ẹ̀ ni, ó pẹ́ tí èyí ti bẹ̀rẹ̀, òun rò pé èèrà ló pọ̀ lọ́dún náà ni. Félicien ní àtọ̀gbẹ ni òun fura sí, àìsàn tó ń kó iyọ̀ dídùn, ìyẹn ṣúgà, sínú ìtọ̀, pé àtọ̀gbẹ máa ń ba iṣan ẹsẹ̀ jẹ́. Ó ní bí ata bá kan egbò yẹn, ẹsẹ̀ náà lè bàjẹ́ kí ẹni tó ni ín má sì mọ̀. Ó wá ọkọ̀ fún un lọ sí ilé ìwòsàn ńlá ní Porto-Novo lọ́jọ́ náà. Oṣù bíi mélòó kan lẹ́yìn náà, Zacharie padà wá sí oko rẹ̀, ẹsẹ̀ méjèèjì pé, ó wọ bàtà, ohun tí àwọn ará ìjọ rẹ̀, tí kì í wọ bàtà pẹ̀lú aṣọ ìsìn, gbà fún un níta ilé ìsìn.

Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ tí ọkọ̀ gbé e lọ, Ẹfúnwùmí kò tíì dìde lórí bẹ́ǹṣì. Ọjọ́ ti rọ̀, àwọn ọlọ́jà ti ń di ẹrù. Félicien rò pé ẹ̀gbẹ́ ló tún ń dùn ún, ó sì wá bi í léèrè.

"Ẹ̀gbẹ́ mi dára," ó ní. "Ọmọ mi, iyọ̀ dídùn tí èèrà ń wá kiri yẹn, báwo ló ṣe dé inú ìtọ̀ ènìyàn?"

Félicien wo ojú ọ̀run bóyá ilẹ̀ ti fẹ́ ṣú. Lẹ́yìn náà ó fa àga kan wá sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, ó jókòó.